Ojú Ewé Ìtají

Aṣọ funfun ni Nọ́ọ̀sì Ràfíátù fi bo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ náà.

Ṣèyífúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Òjò àrọ̀kúrò ti rẹ ẹ́ gbingbin lórí ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé dé Ààyè. Omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Oríṣiríṣi ló ti rò bọ̀ lọ́nà: pé àrá ti sán lu òpó, pé eku ti gé wáyà, pé olè ti gbé bátìrì lọ. Kò ro ti aṣọ.

"Kí lẹ fi bò ó fún, Àǹtí?"

"Kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Ó ń sùn."

"Ta ló ní ó ń sùn?"

Ràfíátù fi ẹnu júwe ògiri. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn tipẹ́, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ṣèyífúnmi ti rí i nígbà púpọ̀, kò tíì kà á rí. Ó kà á báyìí.

"ÌTAJÍ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ó ń sùn ni. Ẹ má ṣe pa á. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ìkọ̀lé yóò jí i."

Ó ká aṣọ náà kúrò. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Kò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi inú ife kan, iná aláwọ̀ ewé yọ lójú rẹ̀.

Ràfíátù wo iná náà. Ó wo ọwọ́ Ṣèyífúnmi. Ó jókòó.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Láti àná?"

Ràfíátù tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ. "Ìkọ̀lé, Ààyè nìyí. A jí o." Ọ̀sán gangan ni. Ṣèyífúnmi rò pé ó ti rẹ obìnrin náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò gùn. Fìrdáúsì, ìyàwó Màmúdù tó ń ta sìmẹ́ńtì, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ọ̀sán. Ìrọbí náà kò lọ bó ṣe yẹ. Ràfíátù fẹ́ bá dókítà Ìkọ̀lé sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Bí òjò bá sì ti ṣú ní Ààyè, fóònù kì í gbé. Ràfíátù ka ìwé ara ògiri, ó ṣe ohun tí ìwé wí. Ó bo ẹ̀rọ, ó ń dúró kí Ìkọ̀lé jí i. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Màmúdù gbé ìyàwó rẹ̀ sáàárín ara rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n gba inú ẹrẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ìkọ̀lé. Ó yè. Ọmọ náà yè pẹ̀lú, àmọ́ ó pẹ́ kó tó ké.

Ṣèyífúnmi lọ síbi ògiri, ó na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Má ya á o!" Ràfíátù ti dìde.

"Irọ́ ló ń pa fún yín, Àǹtí."

"Kó máa pa á níbẹ̀. Ojú ewé tó bá wà nínú Ìwé Ìlànà gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Àwọn aláyẹ̀wò ẹgbẹ́ tó ni ilé ìwòsàn yìí ń bọ̀. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì Ayégbajú lọ jókòó sílé nítorí ọ̀kan tí ewúrẹ́ jẹ. Ewúrẹ́ ni mo ní o, kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́."

"Ẹ ti mọ̀ báyìí pé ẹ ó kàn pa á, ẹ ó tàn án."

"Èmi mọ̀. Mò ń lọ ìsinmi lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n máa fi dípò mi mọ̀? Ohun tó bá bá lára ògiri ló máa ṣe. Àwọn aboyún tó kù níbí ò ní dúró dè mí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ funfun náà. "Yọ ọ́ nínú ìwé ná. Lẹ́yìn náà, wá yọ ọ́ lára ògiri. Èmi fúnra mi á bá ọ gbé àga."

Iṣẹ́ tí Ṣèyífúnmi gbé padà sí Ìkọ̀lé nìyẹn. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Òun ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so àwọn ilé ìwòsàn ẹgbẹ́ náà pọ̀. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, káàdì kan wà tó ń gba ọ̀rọ̀ láti ojú òfurufú, ètò kékeré kan sì wà tó ń darí káàdì náà. Díráífà ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ètò yìí. Ṣèyífúnmi ṣí díráífà náà, ó wá Ìtají nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ káàdì, nítorí káàdì tuntun kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n jí òun láti òkèèrè. Sólà ti dé nígbà náà, ẹ̀rọ kankan kì í sùn mọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lónìí, ó há ni. Wọ́n yọ iṣẹ́ náà, wọ́n gbàgbé ìwé rẹ̀. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti wó tí pátákó orúkọ rẹ̀ ṣì ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ó pa ojú ewé náà rẹ́ nínú ẹ̀dà Ìwé Ìlànà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ ìdí sí i: "Iṣẹ́ yìí kò sí mọ́. Kò sí ẹni tó lò ó rí." Ó fi àbá náà ránṣẹ́ síbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń rí i.

Òfin kan ló kù. Ojú ewé kò lè kúrò àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá fọwọ́ sí i, bó bá ṣì wà láyé. Bàbá Fádèyí ló kọ ti Ìtají. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó àkọ́kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mọ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀tùn, àmọ́ ó ṣì ń ka gbogbo nǹkan lórí fóònù rẹ̀.

Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. "Rárá."

Ṣèyífúnmi rò pé kò yé bàbá náà. Ó jókòó, ó kọ àlàyé tó gùn. Ó fi ibi tí wọ́n ti yọ Ìtají nínú díráífà hàn. Ó fi orúkọ káàdì tuntun hàn.

Èsì dé. "Mo ti dáhùn."

Ó lu tábìlì, tíì rẹ̀ dà sórí àwọn bọ́tìnì kọ̀ǹpútà.

Akínbọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbọ́ ìró náà ní yàrá kejì. Ọkùnrin tó sanra ni, kì í yára ṣe nǹkan kan. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́.

"Ṣèyí, mo gbọ́ pé ìwọ àti Bàbá Fádèyí ń ja ìjàkadì."

"A ò jà, sà. Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ."

"Mo ka ohun tí o kọ. Gbogbo wa la kà á. Ìyàwó mi gan-an kà á, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ wa."

"Òótọ́ ni mo kọ."

"Ta ló bá ọ jiyàn? Bí ṣòkòtò bàbá rẹ bá ya nídìí, ṣé àárín ọjà lo ti máa ké sí wọn?"

"Ti ṣòkòtò kọ́ nìyí, sà. Obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

Akínbọ̀dé dáwọ́ ẹ̀pà dúró. "Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé." Ó mí. "Fi ojú ewé náà sílẹ̀, kí o kọ àkíyèsí sí abẹ́ rẹ̀: a kò lò ó mọ́. Ìyẹn ò gba ọwọ́ ẹnì kan."

"Ẹni tí obìnrin ń rọbí níwájú rẹ̀ kì í ka abẹ́ ìwé, sà."

"Òótọ́ nìyẹn náà."

"Ẹ̀yin ni akọ̀wé. Ẹ bá wọn fọwọ́ sí i."

"Èmi?" Akínbọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn ló gbà mí síṣẹ́. Àwọn náà ló bá mi tọrọ ìyàwó tó ń ka ìwé rẹ. Má ko iná sí mi lórí òrùlé. Lọ sí Ọ̀tùn. Kúnlẹ̀, kí o kí wọn."

"Nítorí ojú ewé kan?"

"Kan ni lójú tìrẹ."

Ó lọ. Ó ra búrẹ́dì ńlá kan dání, nítorí a kì í ṣánwọ́ lọ kí àgbà. Ọkọ̀ Ìkọ̀lé sí Ọyẹ́ kò pẹ́. Ọyẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ní ó ku ènìyàn kan kí ọkọ̀ kún. Ẹni kan náà dé, ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ata, wọn ò rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n máa gbéra, wọ́n gbé àpò gàrí lé búrẹ́dì Ṣèyífúnmi lórí. Táyà jò ní Ìdó. Ṣèyífúnmi dúró lẹ́bàá títì, ó ń wo ojú ọ̀run tó ń dúdú lọ sí apá Ìkọ̀lé, ó sì ń ro ti ìwé ara ògiri Ààyè. Inú ń bí i sí awakọ̀, sí táyà, sí gàrí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àwọn.

Ìyàwó Bàbá Fádèyí, Màmá Christiana, ló bá nílé ní Ọ̀tùn. Ó gba búrẹ́dì tó ti di pẹlẹbẹ.

"Ṣé o jókòó lé e ni?"

"Gàrí ni, Màmá."

"Ó ṣeun. Wọ́n wà lóko lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní bí o bá dé, kí n ní kó o máa bọ̀."

Wọ́n ti mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ìyẹn tún bí i nínú.

Bàbá Fádèyí jókòó sórí kùkùté igi kan, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi aṣọ di orúnkún rẹ̀. Àgbà gbígbẹ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Oko iṣu wà níwájú rẹ̀, ewé ti gbẹ lórí àwọn ọ̀pá. Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ta nìyẹn?"

"Ṣèyífúnmi ni, sà. Láti Ìkọ̀lé."

"Ṣé ulé ire?"

"Ire ni, sà. Bàbá, ọ̀rọ̀ ojú ewé yẹn—"

"O ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Ọkọ́ wà níbẹ̀ yẹn. Wa uṣu wá, kí Màmá rẹ rí nǹkan gbé kaná."

Ó mú ọkọ́. Ọmọ àgbẹ̀ Ààyè ni, kò sí ohun tuntun nínú iṣu wíwà. Ó yan ebè ńlá kan tí ọ̀pá rẹ̀ dúró ṣinṣin. Òjò ti mú ilẹ̀ wúwo. Ó wà á títí dé ìdí, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bọ́ sórí ebè kejì. Ó wà á. Òfìfo. Òógùn bọ́ sí i lójú, ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́ léèékánná. Ní ẹ̀kẹta, ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti wa àwọn ebè yìí!"

"Èwo?"

"Èyí, àti èyí, àti èyí! Wọ́n ti kó iṣu inú wọn, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí wọn. Ta ló ń wa iṣu tí kì í wó ebè? Ní Ààyè, ọmọdé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wa iṣu ló ń wó ebè, òun ló ń fa ọ̀pá tu, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa pa ara rẹ̀ sórí òfìfo!"

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó pa ẹnu dé. Ẹyẹlé kan fò kúrò lórí igi. Bàbá Fádèyí ń wo àwọn ebè náà.

"Orúnkún ni," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo wà wọ́n. Mi ò lè tẹ̀ mọ́ kí n wó wọn. Mo ní màá padà."

"Ẹ má bínú, sà."

"O kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó lò ó rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta lo bi?"

Ṣèyífúnmi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo wò ó nínú díráífà, kò—"

"Díráífà ò sí níbẹ̀. Ìyá Adébísí, agbẹ̀bí Ààyè, ló lò ó. Bátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, bátìrì á kú, nítorí náà mo kọ Ìtají. Ẹ̀rọ á sùn lálẹ́. Láàárọ̀, màá jí i láti Ìkọ̀lé. Ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn rẹ̀: 'Ìkọ̀lé, Ààyè nìyí. A jí o.' Àràárọ̀. Ìgbà tí mi ò gbọ́ ọ ní àárọ̀ kan ni mo mọ̀ pé ó ti kú." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìwọ wá kọ ọ́ sí gbangba pé kò sí ẹni tó lò ó rí. Adébísí, ọmọ rẹ̀, kà á. Ó pè mí láti Ayégbajú, ó ní ṣé irọ́ ni ìyá òun ń pa ni."

Ṣèyífúnmi rántí ohùn Ràfíátù lẹ́nu ẹ̀rọ ní ọ̀sán gangan. Kò rẹ obìnrin náà rárá. Bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ṣe fi kọ́ ọ ló ń sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mi ò mọ̀."

"O ò bi mí."

"Mi ò bi yín." Ọkàn rẹ̀ tún ru. "Ẹ̀yin náà, Bàbá, 'Rárá' nìkan lẹ kọ. Bí mi ò bá mọ̀, ẹ ò lè sọ fún mi? Ràfíátù jókòó ti ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn títí oòrùn fi wọ̀. Ó fi aṣọ funfun bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Obìnrin ń rọbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé yín ló ní kó dúró."

Bàbá Fádèyí gbé ojú sókè. "Aṣọ?"

"Aṣọ funfun, sà."

"Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi. O kọ ti káàdì. O ò kọ ti obìnrin." Ó di ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ mú. "Ó ńkọ́?"

"Ó yè, sà."

"Ọmọ?"

"Ó yè."

Atẹ́gùn ń mi àwọn ewé gbígbẹ. Bàbá náà fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ dìde, ó tiro wá sórí ebè àkọ́kọ́.

"Wó o."

Ṣèyífúnmi mú ọkọ́, ó wó o tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá Fádèyí fúnra rẹ̀ di ọ̀pá iṣu náà mú, ó fà á tu, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe gbogbo àwọn tó ṣófo bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló júwe ebè tó ní iṣu fún un.

Nílé, ó ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá.

"Èmi ni màá yọ ọ́."

Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ó pa ohun tí Ṣèyífúnmi kọ rẹ́. Ó kọ tirẹ̀: "Ìyá Adébísí ti Ààyè lò ó. Ó ti parí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ báyìí, ẹ pa á, kí ẹ tàn án." Ó tẹ ìfiránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀tùn kò gbé. Àmì kékeré kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí, ó ń yí. Ṣèyífúnmi gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lọ sí àgbàlá, ó gbé e lé orí ògiri kànga. Kò lọ. Màmá Christiana gún iyán, wọ́n jẹ ẹ́, kò lọ. Ó dà bí ẹni pé ojú ewé náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀.

"Ìgbà tèmi," ni Bàbá Fádèyí wí, "bó ṣe rí nìyí. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ri òpó."

Nígbà tí Ṣèyífúnmi ń padà lọ, tí ọkọ̀ gun òkè kan kí wọ́n tó dé Ìdó, ohun tí Bàbá kọ lọ.

Ní Ààyè, Ràfíátù ka Ìwé Ìlànà lórí fóònù rẹ̀ nígbà méjì kó tó gbé àga wá.

"Ó ti kúrò lóòótọ́."

"Ó ti kúrò."

"Àwọn Bàbá kò bínú?"

"Wọ́n bínú."

Wọ́n ti fi ẹ̀kọ lẹ ìwé náà, ẹ̀kọ ọdún pípẹ́, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀dà. Ṣèyífúnmi fà á, ìrépé kékeré ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi omi rẹ ẹ́. Ó fi ọ̀bẹ ha á. Òkè rẹ̀ bọ́, ìsàlẹ̀ bọ́, àmọ́ àárín kọ̀. "Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án" wà níbẹ̀ gbagidi bí ẹni tó jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ó ń ha á, ìyẹ̀fun ọ̀dà ń dà sí i lórí.

Òjò ṣú. Àrá sán ní apá oko. Iná ojú ẹ̀rọ kú.

Ràfíátù ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà dúró lójú òfurufú. Ó yíjú wo ògiri, níbi tí ọ̀bẹ Ṣèyífúnmi wà. Lẹ́yìn náà ló pa ẹ̀rọ. Ó tàn án.

Iná yọ.

"Ìkọ̀lé, Ààyè nìyí," ó wí. "A jí o."

Ṣèyífúnmi ń ha ògiri lọ.